Bíréèkì iwájú alùpùpù mi ń han, mo ti pààrọ̀ páàdì, kò gbọ́

Ẹlẹ́ṣin-Irin:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí bíréèkì iwájú alùpùpù mi ti ń pariwo. Oní-dísíkì ni, dísíkì ẹyọ kan. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì kan. Kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ wò ó tó fi ní kí n lọ ra páàdì. Mo rà á, ó fi sí i, ariwo náà rọlẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó tún padà dé tagbáratagbára. Ní báyìí, bí mo bá ṣì wà lókèèrè ni àwọn ará ilé ti ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n ti mọ̀ pé èmi ni mò ń bọ̀. Ṣé páàdì tí mo rà ni kò dáa ni, àbí kí n kúkú pààrọ̀ dísíkì gan-an?

Ọlọ́wọ́-Gíríìsì:
Má tíì ra nǹkan kan, àbúrò. Báwo ló ṣe ń dún? “Ó ń pariwo” kò tíì sọ nǹkan kan fún wa. Ṣé ó ń han fíììn bíi fèrè ni? Àbí ó ń ha ṣàà, á dákẹ́, á tún ha ṣàà, bí táyà ṣe ń yí? Àbí ó ń lọ̀ gàràgàrà bí ìgbà tí irin ń jẹ irin? Tàbí kẹ̀, ó ń dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọwọ́ bíréèkì mú?

Ìgbà wo ló sì ń dún? Ṣé nígbà tí o bá di bíréèkì mú ni, àbí nígbà tí o kò fọwọ́ kàn án rárá? Èyí ló ṣe pàtàkì jù. Ariwo tó ń dún nígbà tí bíréèkì ń ṣiṣẹ́ àti èyí tó ń dún nígbà tó yẹ kí bíréèkì máa sinmi lè jọra létí bí ìbejì, ṣùgbọ́n ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá.

Ọ̀kan wà tí mi ò ní ní kí o dúró dè mí lórí rẹ̀. Bó bá jẹ́ gàràgàrà ni, gbé alùpùpù náà kalẹ̀ lónìí. Páàdì ti jẹ tán nìyẹn, àwo irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló ń fa dísíkì. Dísíkì tí irin bá ti ń jẹ kì í pẹ́ bàjẹ́, ọkọ̀ náà kò sì ní dúró níbi tí o bá ní kó dúró.

Táyà-Ọ̀tún:
Ẹ ń da ọ̀rọ̀ yìí láàmú jù. Tèmi náà han bẹ́ẹ̀ nígbà kan, mo kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì díẹ̀ sójú dísíkì, ó sì pa rọ́rọ́.

Ọlọ́wọ́-Gíríìsì:
Yéè! Ó pa rọ́rọ́ nítorí pé kò sí bíréèkì mọ́! Kí ni bíréèkì fi ń dá ọkọ̀ dúró bí kò ṣe pé páàdì ń gbo dísíkì? Ìwọ wá lọ fi ọ́ìlì sáàárín àwọn méjèèjì. Páàdì ti fa ọ́ìlì yẹn mu bíi kànrìnkàn, fífọ kò lè yọ ọ́ tán mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dákun, ẹ má kán ohunkóhun tó lọ́ràá sójú dísíkì. Kì í ṣe ọ́ìlì, kì í ṣe gíríìsì, kì í ṣe WD-40 tí wọ́n ń fín. Táyà-Ọ̀tún, bí o bá ṣì ń gun alùpùpù yẹn, kó páàdì náà dànù, kí o fi oògùn olómi tí wọ́n ṣe fún fífọ bíréèkì nu dísíkì mọ́ tónítóní pẹ̀lú aṣọ tí kò lọ́ràá, kí o tó fi páàdì tuntun sí i. Má fi bẹntiróòlù tàbí kẹrosíìnì nù ún o. Ọ̀rá wọn máa ń kù sójú irin, wọ́n sì máa ń ba rọ́bà inú kálípà, ilé irin tó gbé páàdì dání, jẹ́.

Táyà-Ọ̀tún:
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Abájọ tó fi jẹ́ pé bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ni mo fi ń dúró látìgbà náà.

Ìyá-Alálùpùpù:
Ẹ fi Táyà-Ọ̀tún sílẹ̀, àwa tí kò kán ọ́ìlì náà ti fara gbá a. Lẹ́ẹ̀mejì ni mo pààrọ̀ páàdì iwájú láàárín oṣù méjì. Bí mo bá fi tuntun sí i, á dáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan á tún bẹ̀rẹ̀ sí í han, bíréèkì á sì rọ̀ bíi pé ó ń yọ̀. Mo ní àwọn tó ń ta páàdì ló ń rẹ́ mi jẹ. Ó ṣẹlẹ̀ pé ọ́ìlì síìlì ṣọ́ọ̀kì iwájú, rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́ inú rẹ̀, ti là, ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì wá ń rọra ṣàn sísàlẹ̀, tààrà sórí kálípà. Nítorí pé eruku bò ó, ojú kò rí i.

Nítorí náà, kí ẹ tó tú nǹkan kan, ẹ fi ìka ra ara ọ̀pá ṣọ́ọ̀kì tó ń dán yẹn, kí ẹ sì ra ẹ̀yìn kálípà náà. Bí ìka bá jáde pẹ̀lú ọ̀rá, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ bá pààrọ̀ páàdì tí ẹ fi síìlì sílẹ̀, ẹ ń pọnmi sínú agbọ̀n ni. Ẹ ṣọ́ ara yín pẹ̀lú ohun tí wọ́n ń fín sára ṣéènì àti èyí tí wọ́n fi ń dán táyà. Afẹ́fẹ́ máa ń gbé wọn débi tí a ò rán wọn.

Ẹlẹ́ṣin-Irin:
Mo ti padà dé. Mo gùn ún lọ gùn ún bọ̀ láàárọ̀ yìí, mo sì tẹ́tí sí i dáadáa. Ohùn méjì ni. Bí n kò bá fọwọ́ kan bíréèkì rárá, ó ń ha ṣàà, ṣàà, ṣàà, bí mo bá sì ṣe ń sáré sí i ló ń yá sí i. Bí mo bá rọra di bíréèkì mú, nígbà náà ló ń han fíììn. Bí mo bá dì í mú gírígírí, á dákẹ́. Ọ̀rá kankan kò sí lára ṣọ́ọ̀kì. Nǹkan kan tí n kò kà sí tẹ́lẹ̀: bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gùn ún dé, ó máa ń wúwo láti tì wọlé.

Ọlọ́wọ́-Gíríìsì:
Ẹ̀n-ẹ́n! Ohun tí o sọ gbẹ̀yìn yẹn gan-an ló yẹ kí o kọ́kọ́ sọ. Ọkọ̀ tó wúwo láti tì lẹ́yìn ìrìn àjò, bíréèkì rẹ̀ kò jọ̀wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Páàdì ń bá dísíkì lọ ní gbogbo ọ̀nà, ó ń gbóná, ojú rẹ̀ ń dán bíi gíláàsì, ojú tó dán bẹ́ẹ̀ ló wá ń han bí o bá rọra dì í mú. Ariwo kejì ọmọ ariwo àkọ́kọ́ ni. Ìdí rèé tí páàdì tuntun fi dákẹ́ fún ọjọ́ méjì péré.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kí ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe lè yé ọ. Bíréèkì oní-dísíkì kò ní sípíríǹgì tó ń fa páàdì padà bíi ti bíréèkì onílù inú táyà ẹ̀yìn. Rọ́bà kan wà tó yí písítìnì, irin róbótó tó ń ti páàdì, ká nínú kálípà, igun mẹ́rin ni ó ní bí ẹ bá gé e wò. Bí ọ́ìlì bíréèkì bá ti písítìnì síta, rọ́bà náà á tẹ̀ tẹ̀ lé e díẹ̀; bí o bá tú ọwọ́ bíréèkì sílẹ̀, rọ́bà á nà padà, á sì fa písítìnì sẹ́yìn. Ìwọ̀nba tí ó fi ń fà á kò tó mìlímítà kan, kò tilẹ̀ sún mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí dísíkì tó wà ní àlàáfíà náà fi lè máa ha wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí o bá fọwọ́ yí táyà. Wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò burú. Kó máa dúró gbọ̀n-ín ló burú.

Níbi tí kálípà bá jẹ́ irú èyí tí písítìnì rẹ̀ wà lápá kan ṣoṣo, odindi kálípà ló yẹ kó máa rọra sún lórí píìnì méjì, kí páàdì apá kejì lè kan dísíkì. Bí píìnì wọ̀nyẹn bá gbẹ tàbí tí wọ́n bá dógùn-ún, kálípà á há. Páàdì tó wà lápá písítìnì á máa ṣe gbogbo iṣẹ́ nìkan, kò sì ní lè padà sẹ́yìn dáadáa.

Ohun tí wàá ṣe nìyí. Gbé alùpùpù sórí sítáǹdì tó dúró dáadáa, kí táyà iwájú kúrò nílẹ̀. Fọwọ́ yí táyà. Di bíréèkì mú, tú u sílẹ̀, tún yí i. Bó bá ti le ju ti àkọ́kọ́ lọ, nǹkan kan ń dì í mú. Wá sípánà tó bá nọ́ọ̀tì kékeré orí kálípà mu, èyí tí a fi ń tú afẹ́fẹ́ jáde. Ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí ọ́ìlì má bàa tú sára ọ̀dà, nítorí ó máa ń bó ọ̀dà. Nígbà tí táyà bá ṣì le, tú nọ́ọ̀tì yẹn díẹ̀, kí o sì yí táyà náà wò. Bí ó bá jọ̀wọ́ ara rẹ̀ lójijì, á jẹ́ pé ọ́ìlì ló há sínú, kò rí ọ̀nà padà sí másítà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré ìdí ọwọ́ bíréèkì tó ń ti ọ́ìlì lọ sí kálípà. Bí ó bá ṣì le bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ kò sí lọ́dọ̀ ọ́ìlì, písítìnì tàbí píìnì kálípà ló há. Dí nọ́ọ̀tì náà padà kí o tó fọwọ́ kan ọwọ́ bíréèkì o, kí o má bàa fa afẹ́fẹ́ wọlé.

Adákẹ́-Ronú:
Àfikún díẹ̀ sí ti ọ̀gá. Bó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ló há, ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ bíréèkì fúnra rẹ̀ kí ẹ tó tú másítà. Ihò bíńtín kan wà nínú másítà tí ọ́ìlì ń gbà padà sínú ìkòkò rẹ̀. Bí ọwọ́ bíréèkì kò bá ní ìwọ̀nba àyè díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tì, á ti dí ihò yẹn láìmọ̀. Mo ti rí i lára àwọn ọwọ́ bíréèkì aláràbarà tí kì í ṣe ti ọkọ̀ náà gan-an. Họ́ọ̀sì tó ti gbó lè wú nínú, kó jẹ́ kí ọ́ìlì lọ, kó má jẹ́ kó bọ̀.

Ní ti ìdí tó fi ń han: páàdì ń lẹ̀ mọ́ dísíkì, ó ń já, ó ń lẹ̀, ó ń já, ní ọ̀pọ̀ ìgbà ju 1,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọ̀pá gòjé ṣe ń fa okùn rẹ̀ náà nìyẹn. Dísíkì ló wá di agogo tó ń gbé ohùn yẹn jáde. Nítorí náà, ohunkóhun tó bá jẹ́ kí páàdì máa mì lórí ìjókòó rẹ̀ lè mú kó han, kódà bí páàdì àti dísíkì bá dára.

Ẹlẹ́ṣin-Irin:
Mo ti ṣe é. Lẹ́yìn tí mo tú bíréèkì sílẹ̀, táyà kò yí ju ìlàjì lọ kó tó dúró. Mo tú nọ́ọ̀tì yẹn, ọ́ìlì kán díẹ̀, táyà ṣì le bákan náà. Á jẹ́ pé píìnì tàbí písítìnì nìyẹn. Nǹkan mìíràn wá yà mí lẹ́nu: mo lọ wo páàdì àtijọ́ tí mo jù sínú àpò irinṣẹ́. Ọ̀kan ti jẹ dé irin, èkejì ṣì nípọn dáadáa!

Ọlọ́wọ́-Gíríìsì:
O rí i? Ẹ̀rí wà nínú àpò rẹ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí páàdì méjèèjì bá jẹ bákan náà, kálípà ń sún. Bí èyí tó wà lápá písítìnì bá jẹ tán tí èkejì ṣì nípọn, píìnì ló há. Bí páàdì kan náà bá jẹ ní ìdagun, ìsàlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ òkè nípọn, kálípà ń há ní wíwọ́ ni. Ẹni tó bá pààrọ̀ páàdì tí kò wo ojú àtijọ́ kò tíì ṣàtúnṣe, ó kàn yí aṣọ fún aláìsàn ni.

Ó dáa, tú kálípà. Fi okùn so ó rọ̀ sára ṣọ́ọ̀kì, má jẹ́ kí ó fi họ́ọ̀sì rọ̀. Má ṣe di ọwọ́ bíréèkì mú nígbà tí kálípà bá wà níta, àfi bí o bá fẹ́ rí písítìnì tó fò jáde. Kó páàdì jáde. Fa apá kálípà tó ń sún yẹn, bóyá á wá. Nu píìnì méjèèjì títí irin wọn á fi máa dán, nu inú ihò wọn, wo rọ́bà tó bò wọ́n bóyá ó ti ya. Gíríìsì tí wàá fi sí i, ti silicone ni, èyí tí wọ́n ṣe fún bíréèkì. Gíríìsì lásán tí a ń fi sí bẹ́árìn máa ń wú rọ́bà, tí rọ́bà bá sì wú, píìnì á tún há, o ti padà síbi tí o ti bẹ̀rẹ̀.

Písítìnì ńkọ́? Kí o tó tì wọ́n padà, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àti ọ́ìlì bíréèkì díẹ̀ fọ ara wọn tó yọ síta. Ẹ̀gbin tí o bá tì wọlé pẹ̀lú wọn ló máa gé rọ́bà. Ti ọ̀kọ̀ọ̀kan padà pẹ̀lú ọwọ́, kí o máa wo ìkòkò ọ́ìlì òkè, nítorí ọ́ìlì á gòkè, ó sì lè kún dànù. Písítìnì tó bá le jù èkejì lọ, tàbí tí ara rẹ̀ ti jẹ ní ihò wẹ́wẹ́, kálípà yẹn nílò rọ́bà tuntun tàbí písítìnì tuntun, ìyẹn sì kúrò níṣẹ́ àfọwọ́kọ́. Gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Táyà-Ọ̀tún:
Bí ọ́ìlì inú ìkòkò òkè bá lọ sílẹ̀, ṣé a lè fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kún un? Mo kàn ń béèrè ni o, ẹ má nà mí.

Ìyá-Alálùpùpù:
Ọlọ́run má jẹ́ ká rí i. Gbogbo rọ́bà inú másítà àti kálípà ló máa wú, o ò sì ní ní bíréèkì. Wo orí ìdérí rẹ̀, wọ́n ti kọ irú ọ́ìlì bíréèkì tó ń lò síbẹ̀: DOT 3 tàbí DOT 4 ni èyí tó pọ̀ jù. DOT 5 yàtọ̀ pátápátá, silicone ni, kì í bá àwọn yòókù lọ. DOT 5.1 ní tirẹ̀, ìran DOT 4 ni, ẹ má jẹ́ kí orúkọ tàn yín. DOT 3, DOT 4 àti DOT 5.1 máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ọkọ̀ fi ní ká pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì. DOT 4 tuntun kò gbọdọ̀ hó kí ooru tó dé 230 °C. Tó bá ti fa omi mu dé ìwọ̀n tí wọ́n fi ń dán an wò, 155 °C ni wọ́n gbà fún un. Bíréèkì tó ń há bíi ti Ẹlẹ́ṣin-Irin lè mú kó gbóná dé bẹ́ẹ̀, bó bá sì hó, ọwọ́ bíréèkì á kàn rọ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́.

Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ̀ bóyá bíréèkì ń há láìtú nǹkan kan, ẹ gun ọkọ̀ náà díẹ̀ láìfi bíréèkì iwájú dúró, kí ẹ wá kán omi díẹ̀ sí dísíkì. Bó bá ṣe ṣììì, ó ti ń gbóná láìnídìí. Ẹ má fọwọ́ kàn án, mo ní àpá ìka kan tí mo lè fi hàn yín.

Ẹlẹ́ṣin-Irin:
Ẹ̀yin èèyàn mi! Píìnì kan kò tilẹ̀ fẹ́ jáde. Mo fi òòlù rọ́bà gbá a ṣókí-ṣókí kó tó jáde, pupa ni gbogbo ara rẹ̀, ó ti dógùn-ún. Èkejì gbẹ bí egungun. Písítìnì méjèèjì ń rìn dáadáa, mo dúpẹ́. Mo ti fọ gbogbo rẹ̀, mo ti fi gíríìsì sí i. Páàdì tí mo rà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ńkọ́? Ojú rẹ̀ ń dán bíi gíláàsì. Ṣé kí n fi sáńpépà ha á, àbí kí n ra òmíràn?

Adákẹ́-Ronú:
Ra òmíràn. Páàdì tó ti jó kì í padà bọ̀ sípò.

Ọlọ́wọ́-Gíríìsì:
Mi ò fara mọ́ ìyẹn pátápátá. Bó bá jẹ́ pé ọ́ìlì ló kàn án, jù ú nù, kò sí àríyànjiyàn. Bó bá jẹ́ pé ojú rẹ̀ kàn ń dán ni, tí kò là, tí etí rẹ̀ kò wó, tí ó sì ṣì nípọn, tẹ́ sáńpépà sórí gíláàsì tàbí ohun mìíràn tó tẹ́jú, kí o rọra yí páàdì lórí rẹ̀ títí dídán yẹn á fi lọ. Bo imú rẹ, má fẹ́ eruku rẹ̀, má sì fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fọn ọ́n. Kò sí ohun rere nínú eruku bíréèkì. Fi aṣọ tútù nù ún. Bẹ́ etí páàdì díẹ̀, pàápàá èyí tí dísíkì ń kọ́kọ́ pàdé, ìyẹn náà máa ń dín híhan kù. Bó bá tún han lẹ́yìn èyí, Adákẹ́-Ronú ló jàre, ra òmíràn.

Gíríìsì tó ń fara da ooru lè wà lẹ́yìn páàdì, níbi tí písítìnì ti ń tì í, fẹ́ẹ́rẹ́ bíi ẹni fi ọ̀rá pa ètè. Kò gbọdọ̀ dé iwájú páàdì, kò sì gbọdọ̀ dé ara rọ́bà. Bí àwo tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá wà lẹ́yìn páàdì tẹ́lẹ̀, dá a padà síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀ mọ́ páàdì àtijọ́ lẹ́yìn, kí wọ́n tó wá máa béèrè ìdí tó fi ń han.

Nígbà tí o bá ti dè é tán, bóòtì kálípà ní ìwọ̀n tí a fi ń dè é nínú ìwé ìlànà ọkọ̀, tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, KÍ O TÓ GÙN ÚN, fa ọwọ́ bíréèkì lọ́pọ̀ ìgbà títí á fi le. Mo fi lẹ́tà ńlá kọ ọ́ nítorí pé písítìnì ti lọ sẹ́yìn, ìfà àkọ́kọ́ kò ní mú nǹkan kan.

Ẹlẹ́ṣin-Irin:
Mo ka lẹ́tà ńlá yẹn lẹ́yìn tí mo ti gùn ún. Ẹ má bú mi. Mo ṣì wà nínú ọgbà ni, mo fa bíréèkì, ọwọ́ rẹ̀ kàn wọlé dé ibi tí mo di mú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Bíréèkì ẹ̀yìn ló yọ mí. Mo fà á bí ẹ̀ẹ̀mẹ́fà, ó le. Táyà ń yí fàlàlà báyìí, ó yí bí ìgbà mẹ́rin kó tó dúró. Ariwo ṣàà ti lọ. Fíììn ṣì kù díẹ̀.

Ọlọ́wọ́-Gíríìsì:
Dúpẹ́ lọ́wọ́ orí rẹ. Fíììn yẹn á lọ bí páàdì bá ti bá dísíkì mọ́ra. Wá ọ̀nà tó dá, sáré dé nǹkan bíi kìlómítà 50 ní wákàtí, fi bíréèkì rọra fà á wálẹ̀ dé 10, má dúró pátápátá, jẹ́ kó fẹ́ díẹ̀, tún ṣe é. Bí ogún ìgbà tàbí ọgbọ̀n. Má di bíréèkì mú mọ́lẹ̀ nígbà tó bá gbóná.

Ọmọ-Títì:
Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi tì í. Tèmi kì í han, kì í ha. Ó kàn ń dún kọ́ lẹ́ẹ̀kan bí mo bá ti fọwọ́ kan bíréèkì iwájú, bí mo bá sì tì í sẹ́yìn tí mo tún dì í mú, kọ́. Láàárọ̀ lẹ́yìn òjò, ó tún máa ń ha fún ìṣẹ́jú kan.

Ìyá-Alálùpùpù:
Ti àárọ̀ lẹ́yìn òjò yẹn, gbàgbé rẹ̀. Ìdógùn-ún fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà lójú dísíkì, páàdì á nù ún kúrò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ohùn wùùù tí dísíkì tó ní ihò wẹ́wẹ́ lára máa ń ṣe bí a bá fi bíréèkì dúró láti orí eré, ihò rẹ̀ ló ń kọjá lára páàdì.

Adákẹ́-Ronú:
Kọ́ yẹn ni ká wò. Di bíréèkì iwájú mú gírígírí, kí o máa ti ọkọ̀ síwájú sẹ́yìn, kí ẹnì kejì fi ìka kan kálípà, lẹ́yìn náà ibi tí ọwọ́ ọkọ̀ ti pàdé ọrùn rẹ̀. Ibi tí ìka bá ti gbọ́ kọ́ ni aláìsàn. Bó bá jẹ́ ọrùn, bẹ́árìn ọrùn ló ti tú, kò kan bíréèkì rárá, má sì fi í ṣeré. Bó bá jẹ́ kálípà, páàdì ń mì nínú ilé rẹ̀: bóyá sípíríǹgì pẹlẹbẹ tó ń dì í mú ti sọnù, bóyá páàdì tí wọ́n fi sí i kéré díẹ̀ sí ti ọkọ̀ náà. Bó bá jẹ́ dísíkì fúnra rẹ̀, wo bóòtì tó dì í mọ́ rímù. Dísíkì kan wà tó jẹ́ pé orí àwọn irin kéékèèké bíi bọ́tìnnì ló jókòó sí, tirẹ̀ lè mì díẹ̀, wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀ ni.

Níwọ̀n ìgbà tí o ti wà níbẹ̀, wọn dísíkì. Wọ́n tẹ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ jù sí ara ọ̀pọ̀ rẹ̀, MIN TH àti nọ́ńbà kan ní mìlímítà. Ibi tí páàdì ń jẹ ni kí o wọ̀n, má wọn etí rẹ̀. Bí ọwọ́ bíréèkì bá ń lù ọ́ lọ́wọ́ tìì-tìì bí o ṣe ń dúró, dísíkì ti wọ́, tàbí ẹ̀gbin wà láàárín òun àti rímù. Sáńpépà kò sí nínú oògùn ìyẹn.

Ọlọ́wọ́-Gíríìsì:
Kí o sì ranti bẹ́árìn táyà. Òun máa ń hùn gẹ̀rẹ̀rẹ̀ bóyá o di bíréèkì mú tàbí o kò dì í mú. Gbé táyà kúrò nílẹ̀, di òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, mì í lọ́tùn-ún lósì. Kò gbọdọ̀ mì.

Ẹlẹ́ṣin-Irin:
Ọjọ́ kẹrin rèé, kò dún mọ́. Mo kan ilẹ̀kùn lálẹ́ àná títí, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé mo ti dé.

Ọmọ-Títì:
Kálípà ni kọ́ yẹn ti ń wá. Mo tú u, kò sí sípíríǹgì kankan níbẹ̀. Ẹni tó pààrọ̀ páàdì gbẹ̀yìn kò dá a padà. Ṣé mo lè ká wáyà sí i ní báyìí ná?

Ọlọ́wọ́-Gíríìsì:
Rárá. Ra èyí tí wọ́n ṣe fún un, kí o sì wo ìhà tó kọjú sí kí o tó kì í bọ̀ ọ́. Ọfà wà lára ọ̀pọ̀ wọn, ó ń fi ọ̀nà tí táyà ń yí hàn.